Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí A Máa Tan Ọmọdé Jẹ?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ mú wá síwájú yín ní oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá irú èyí tí àwọn àgbà ń jókòó jíròrò lé lórí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé ni, ọ̀rọ̀ ìdí ààrò àti ti orí ẹní, èyí tí gbogbo ẹni tí ó ti tọ́ ọmọ rí mọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n tí a kì í sábà bá ara wa sọ. Ní òwúrọ̀, nígbà tí ìyá bá fẹ́ lọ sí ọjà tàbí sí ibi iṣẹ́, tí ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méjì sì di ìró rẹ̀ mú, kí ni ó ń ṣe? Yóò ṣẹ́jú sí ìyá àgbà, ìyá àgbà yóò sì wí fún ọmọ pé, "Wá wo adìyẹ ní ẹ̀yìnkùlé." Bí ọmọ bá ti yí ojú padà báyìí, ìyá ti gba ẹnu ọ̀nà jáde. Nígbà tí ọmọ bá padà wọlé, tí ó wá yàrá dé yàrá, a ó wí fún un pé, "Ìyá rẹ lọ ra àkàrà, ó ń bọ̀ nísinsìnyí." Ìyá náà kò ní dé títí oòrùn yóò fi wọ̀.

Èyí nìkan kọ́. Bí ọmọ kò bá fẹ́ jẹun, a ó ní eégún ń bọ̀, tàbí pé ṣọ́jà wà ní ìta tòun ti àpò tí ó fi ń kó àwọn ọmọ aláìgbọràn lọ. Bí a bá ń gbé e lọ gba abẹ́rẹ́, a ó ní ilé ẹ̀gbọ́n wa ni a ń lọ. Àgbo tí ó korò bí jogbo, a ó fi ọwọ́ sọ̀yà pé ó dùn bí oyin. Bí àlejò bá sì fi owó lé ọmọ lọ́wọ́ ní ọjọ́ Kérésìmesì, ìyá rẹ̀ yóò na ọwọ́, yóò ní, "Mú un wá, kí n bá ọ fi pamọ́." Mo bẹ̀ yín, kí ẹni tí ó bá ti rí irú owó bẹ́ẹ̀ gbà padà rí na ọwọ́ sókè kí a rí i. Èmi fúnra mi ṣì ń retí tèmi láti ìgbà tí mo wà ní ìwé kejì, ìyá mi sì ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún.

Kò sí ẹni tí ó ń ṣe nǹkan wọ̀nyí nítorí pé ó kórìíra ọmọ rẹ̀. Ìfẹ́ ni a fi ń ṣe é, tàbí àárẹ̀, tàbí pé ọkọ̀ ti fẹ́ lọ. A sì ń wí fún ara wa pé, "Ọmọdé ni, kò mọ nǹkan kan, bí ó bá pẹ́ díẹ̀ yóò gbàgbé." Nítorí náà ìbéèrè mi kì í ṣe bóyá òbí tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ jẹ́ ènìyàn burúkú. Ìbéèrè mi ni pé, irọ́ tí a pa fún ọmọdé, ṣé irọ́ ni, àbí ohun mìíràn ni tí a lè pè ní ìtọ́jú?

Ó ti pẹ́ tí àwọn ọlọ́gbọ́n ayé ti ń fa ọ̀rọ̀ irọ́ yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Plato ti ilẹ̀ Gíríìkì gbà pé alákòóso ìlú lè purọ́ fún àwọn ará ìlú bí yóò bá ṣe wọ́n ní rere, gẹ́gẹ́ bí oníṣègùn ti í fún aláìsàn ní oògùn. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní àríwá Áfíríkà, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó kọ ìwé méjì lórí ọ̀ràn náà, ọ̀kan ní nǹkan bí ọdún 395, èkejì ní nǹkan bí ọdún 420. Nínú ti ìṣáájú ó to irọ́ sí oríṣi mẹ́jọ, láti orí èyí tí ó burú jù lọ títí dé orí èyí tí kò pa ẹnikẹ́ni lára tí ó sì gba ẹlòmíràn là, kò sì fi ọwọ́ sí ọ̀kankan nínú wọn. Nínú èkejì ó ro ti bàbá kan tí àìsàn ti dá gúnlẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kú, tí ó sì ń bèèrè bóyá ọmọ náà wà láàyè. Augustine jẹ́wọ́ pé ọ̀ràn yìí wọ òun lára gidigidi. Síbẹ̀ kò yí ìdájọ́ rẹ̀ padà. Ní ọdún 1797, Immanuel Kant ti ìlú Königsberg le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ní bí apànìyàn bá tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn, tí ó bèèrè ọ̀rẹ́ wa tí ó sá pamọ́ sí ilé wa, kò tọ́ kí a purọ́ fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí ní ẹ̀gbẹ́ kan: Kant kò gbé ìyàwó, kò sì bí ọmọ. Kò sí ẹni tí ó di ẹ̀wù rẹ̀ mú ní òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n Augustine bí ọmọkùnrin kan, Adeodatus ni orúkọ rẹ̀, ọmọ náà sì kú ní ọ̀dọ́ kí bàbá rẹ̀ tó kọ ọ̀kankan nínú ìwé méjèèjì wọ̀nyí. Nítorí náà nígbà tí ó ń kọ̀wé nípa bàbá tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kú, kì í ṣe ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn ni ó ń sọ.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a ya ohun kan sọ́tọ̀ kí a má baà dá aláìmọwọ́mẹsẹ̀ lẹ́bi. Kì í ṣe gbogbo ohun tí kò ṣẹlẹ̀ tí a sọ fún ọmọdé ni irọ́. Nígbà tí ìyá àgbà bá sọ pé Ìjàpá lọ sí ilé àna rẹ̀, tí ó sì jí àsáró gbígbóná dé sí abẹ́ fìlà, kò sí ọmọ tí yóò dàgbà tán kí ó wá fi ẹ̀sùn kàn án pé ó tan òun jẹ. Èéṣe? Nítorí pé àlọ́ ní ẹnu ọ̀nà. Apàlọ́ kì í ṣàdédé bẹ̀rẹ̀, yóò kọ́kọ́ ké pé, "Ààlọ́ o!" àwọn ọmọ yóò sì dáhùn pé, "Ààlọ̀!" Ìgbà tí wọ́n bá dáhùn ni wọ́n gbà láti wọlé. Bákan náà ni ti ọmọbìnrin tí ó fi iyanrìn se ẹ̀bà, tí ó gbé e wá fún bàbá rẹ̀, tí bàbá ń sọ òkèlè, tí ó sì ń wí pé iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé. Àwọn méjèèjì ni wọ́n mọ̀ pé iyanrìn ni. Ṣùgbọ́n irọ́ kò ní ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí a ń pa á fún kò dáhùn "Ààlọ̀". A kò tilẹ̀ pè é. Ó rò pé ọ̀rọ̀ tòótọ́ ni òun ń gbọ́, ó sì jókòó ti ilẹ̀kùn, ó ń dúró de àkàrà.

Àwọn kan yóò ní, "Ṣùgbọ́n ọmọ yóò mọ̀ bí ó bá dàgbà pé ire òun ni a ń wá." Bóyá yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Jean Piaget, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, rí nígbà tí ó ń wádìí bí àwọn ọmọdé ti í dá rere mọ̀ yàtọ̀ sí búburú, tí ó sì tẹ̀ jáde ní ìwé ní ọdún 1932. Ó sọ ìtàn méjì fún wọn. Ọmọ kan tí ajá dẹ́rù bà sáré wálé, ó sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun rí ajá kan tí ó tóbi tó màlúù. Ọmọ kejì ti ilé ìwé dé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé olùkọ́ fún òun ní máàkì tí ó dára, bẹ́ẹ̀ olùkọ́ kò fún un ní máàkì kankan. Inú ìyá rẹ̀ dùn, ó sì fún un ní ẹ̀bùn. Èwo nínú àwọn méjèèjì ni ó burú jù? Àgbà yóò ní ti èkejì ni, nítorí pé òun ni ó fẹ́ tan ìyá rẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà ní ti ajá ni ó burú jù, nítorí pé kò sí ajá tí ó tóbi tó màlúù. Ohun tí ọmọ kékeré ń wò ni bí ọ̀rọ̀ ṣe jìnnà sí ohun tí ó wà. Kò tí ì mọ bí a ti í wo inú ọkàn ẹni tí ó sọ ọ́. Nítorí náà ìfẹ́ wa, tí í ṣe àwíjàre tí a ní, kò hàn sí i rárá. A ní àkàrà; kò rí àkàrà. Ohun tí ó mọ̀ nìyẹn.

Èyí ni mo rò pé ó fà á tí ọmọ tí a ń sá fún lójoojúmọ́ kì í fi í dákẹ́ nílé. Àwọn ìyá ti sọ fún mi nígbà púpọ̀ pé, "Ọmọ yìí kò jẹ́ kí n wẹ̀. Bí mo bá dìde lásán, yóò dìde." Báwo ni yóò ṣe jókòó? Ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ pé bí òun bá yí ojú padà wo adìyẹ, ìyá lè má sí mọ́. Adìyẹ pàápàá ti di ohun ìfura. Ọmọ tí a wí fún pé, "Mò ń lọ sí iṣẹ́, ìrọ̀lẹ́ ni n ó dé," yóò sunkún, òtítọ́ ni, yóò sì sunkún ní ojú wa, èyí tí a kò fẹ́. Mo bẹ̀rù pé ojú tiwa ni a ń gbà lọ́wọ́ ẹkún nígbà tí a bá gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ọmọ yóò sun ẹkún tirẹ̀ síbẹ̀, a kò kàn ní gbọ́ ni.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú èyí di ọ̀rọ̀ ìjọba. Nígbà kan rí, àwọn ilé ìwòsàn ibẹ̀ kì í jẹ́ kí òbí bẹ ọmọ wọn wò púpọ̀, nítorí wọ́n ní bí òbí bá dé, ọmọ a máa sunkún, bí kò bá rí wọn, yóò dákẹ́, yóò sì gbà. James Robertson kò gbà pé ìdákẹ́ náà jẹ́ ìfọ̀kànbalẹ̀. Ní ọdún 1952 ó fi sinimá kan hàn, ti ọmọbìnrin ọlọ́dún méjì tí ó lo ọjọ́ díẹ̀ ní ilé ìwòsàn, kí gbogbo ènìyàn lè fi ojú ara wọn rí i. Ohun tí ó sọ ni pé ọmọ á kọ́kọ́ kígbe, lẹ́yìn náà ìrètí á pin, lẹ́yìn náà á ṣe bí ẹni pé kò bìkítà mọ́. Ìgbà kẹta yìí ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní ìgbọràn. Inú bí ọ̀pọ̀ dókítà sí i. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1959 ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ lábẹ́ Sir Harry Platt dámọ̀ràn pé kí àwọn òbí máa wá nígbà tí wọ́n bá fẹ́, kí a sì gba ìyá láàyè láti sùn ti ọmọ rẹ̀ kékeré. Kí a má ṣe ka ọmọ tí ó dákẹ́ kún ọmọ tí inú rẹ̀ dùn: ó gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó gbà á.

Mo kọjá lọ sí ohun tí ó wúwo jù, nítorí òun ni ó mú mi kọ̀wé yìí.

Nígbà tí ẹnìkan bá kú nínú ilé wa, a kì í fẹ́ kí ọmọdé mọ̀. A ó kó wọn lọ sí ilé ẹlòmíràn títí a ó fi sin òkú tán. Bí wọ́n bá bèèrè, a ó ní ó rin ìrìn àjò, tàbí pé ó sùn. Olùkọ́ kan tí a jọ ṣiṣẹ́ rí sọ ti ara rẹ̀ fún mi. Ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, wọ́n sì wí fún un pé ìyá rẹ̀ lọ sí Èkó láti lọ ra ọjà. Gbogbo ilé ni wọ́n fi ẹnu kò sí i, àti àwọn aládùúgbò. Ó ní ìgbàkígbà tí ọkọ̀ Èkó bá dúró ní ìkòríta, òun a sáré lọ wo àwọn tí ó ń sọ̀kalẹ̀. Bí ó bá ṣe ohun tí kò dára, ó máa ń rò pé ìyá òun ti gbọ́ ní Èkó ni kò ṣe padà. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́jọ, òun àti ọmọ kan jà ní ilé ìwé, ọmọ náà sì fi ìyá rẹ̀ tí ó ti kú bú u. Bí ó ṣe gbọ́ nìyẹn. Mo bi í pé kí ni ó dùn ún jù. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Wọ́n ti sunkún tán kí n tó mọ̀. Èmi nìkan ni mo sun tèmi." Ó fi kún un pé láti ọjọ́ náà, bí ìyá àgbà rẹ̀ bá sọ ohunkóhun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ ti jinná ni, òun a lọ ṣí ìkòkò wò.

Àwọn tí ó ṣe èyí fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n tọ́ ọ, wọ́n rán an ní ilé ìwé, kò sì sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí wọn títí di ọjọ́ tí a jọ sọ̀rọ̀ yìí. Èmi kò sì wí pé kí a fa ọmọ ọdún mẹ́rin lọ sí ibi tí a gbé ń wẹ òkú, tàbí kí a ka gbogbo àìsàn ìyá rẹ̀ fún un. Gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ, àwọn baba wa sì mọ ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò sọ yàtọ̀ sí èké tí a sọ. Ẹni tí ó bá dákẹ́ lórí apá kan òtítọ́ lè sọ apá yòókù ní ọjọ́ mìíràn, kò ní nílò láti kó ọ̀rọ̀ àná jẹ. Ẹni tí ó bá ti ní "ó lọ sí Èkó" ti di ọ̀nà ara rẹ̀. Kí a wí fún ọmọ pé, "Ìyá rẹ ṣàìsàn púpọ̀, ó sì kú. Ẹni tí ó bá kú kì í padà wá sílé mọ́. Èmi ni n ó máa tọ́jú rẹ." Bí ó bá bèèrè sí i, kí a dáhùn ìwọ̀n tí ó bèèrè. Ó lè padà lọ ṣeré lójú kan náà, kí ó tún padà bèèrè ohun kan náà lọ́la; bí ọmọdé ti ń ṣe nìyẹn. Ní ti "ó sùn" yìí, tí a fẹ́ràn láti máa sọ nítorí pé ó rọ̀ létí, kí a ṣọ́ra fún un. Àgbà gbọ́ àṣamọ̀ rẹ̀. Ọmọdé gbọ́ pé bàbá àgbà sùn, wọ́n sì gbé e sínú ilẹ̀. Ẹ má ṣe yà á lẹ́nu bí ó bá kọ̀ láti sùn ní alẹ́.

Mo sọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní ilé ìkómọ kan, ìyá kan tí ó ń ta ẹ̀fọ́ sì dá mi lóhùn pé, "Bàbá tíṣà, ẹ̀yin ní àyè. Ọkọ̀ oko tí mo ń wọ̀ ń lọ ní aago márùn-ún ìdájí. Ìgbà wo ni n ó jókòó ṣàlàyé?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá mi. Ó rọrùn kí ẹni tí ó ń jókòó kọ̀wé máa kọ́ ẹni tí ó ń sáré ní òtítọ́. Èmi kò lè dá a lóhùn tán títí di òní. Ohun tí mo lè sọ ni pé gbólóhùn méjì tó, kò gba ìdajì wákàtí. Ẹkún ni ó ń gba àkókò, ẹkún sì ni owó tí òtítọ́ ń gbà lọ́wọ́ wa ní ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọjọ́ kan wà tí owó náà kò ní sí lọ́wọ́ ẹni. Èmi náà ti gba ẹ̀yìnkùlé jáde rí.

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, mo ní ìrìn àjò kan sí Ìlọrin. Mo wí fún un pé n ó sun ibẹ̀ ní òru mẹ́ta. Ó bèèrè pé òru mẹ́ta ti tó. Mo mú ọmọ ayò mẹ́ta, mo kó wọn sínú àwo kékeré kan ní ojú fèrèsé, mo ní kí ó máa mú ẹyọ kan kúrò ní àràárọ̀, àti pé ní ọjọ́ tí ó bá mú ẹ̀kẹta, òun ni n ó dé. Ó sunkún dé ibi ọkọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ wa bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ilẹ̀ sì ṣú bá wa níbẹ̀. Mo pe ìyá mi lórí fóònù. Ìyá mi ní ọmọ ti ń dúró ní ẹnu ọ̀nà láti ọ̀sán, ó ti sùn síbẹ̀. Ó ní bí mo bá fẹ́, òun yóò fi ọmọ ayò kan sínú àwo náà ní òru, yóò dà bí ẹni pé ọmọ ni ó ṣi í kà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Mo ti la ẹnu kí n tó wá wí pé, "Rárá, Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ wí fún un pé ọkọ̀ mi bàjẹ́, ọ̀la ni n ó dé."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì mo wọlé. Kò sáré pàdé mi. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo náà, ó ní, "Ọmọ ayò ti tán láti àná." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní mẹ́ta, ó di mẹ́rin. Má bínú." Ojú ìyá mi wà lára mi, nítorí a kò tọ́ mi dàgbà láti máa rí àgbà kí ó bẹ ọmọdé. Ọmọ náà ronú fún ìgbà díẹ̀, ó kó ọmọ ayò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde láti inú àpò rẹ̀, ó dà wọ́n sínú àwo padà, ó lọ mú ẹyọ kan sí i láti inú ọpọ́n, ó sì fi kún un.

"Nígbà mìíràn," ó ní, "ẹ ka mẹ́rin." Ó dìde, ó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré.